Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin káfíńtà tó ń kan òrùlé ní Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń kan òrùlé láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, láti Kìṣí dé Òkèhò, láti Ìgbẹ́tì dé Ìgánná, àti ní gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọṣẹ́. Ẹ̀yin tí ìjì sì ti ba ilé tiyín náà jẹ́ rí, ẹ kú ewu, ẹ kú àdánù. Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò.

Ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. N kò kọ ọ́ sí gómìnà, n kò kọ ọ́ sí alága ìjọba ìbílẹ̀, n kò sì kọ ọ́ sí àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Àwọn yẹn ti gba lẹ́tà púpọ̀, wọn yóò sì tún gbà sí i, torí ìrànwọ́ tí à ń retí lẹ́yìn tí ìjì bá ti ṣe tirẹ̀ tán. Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí nítorí pé ọwọ́ yín ló kan òrùlé kẹ́yìn kí ọwọ́ ìjì tó kàn án.

Káfíńtà ni bàbá tó bí mi. Abẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ń fá pákó ni mo ti kọ́ ìṣirò, nítorí èmi ni wọ́n máa ń ní kí n ka ìṣó fún àwọn ọmọṣẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì ló ń dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín yìí, ẹ má sì rò pé mo wá tú àṣírí ilé síta. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀: láti òní lọ, ẹ má ṣe kan òrùlé kankan láì so ó mọ́ ògiri. Gbígbé e lé ògiri kò tó. Ẹ so ó.

Gbogbo wa la mọ bí ìjì yìí ṣe ń wá. Oṣù kẹta ti wọlé, ooru mú, ilẹ̀ gbẹ táútáú, gbogbo ayé ń retí òjò àkọ́rọ̀. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìlà-oòrùn á ṣú dẹ̀dẹ̀. Kí ẹ̀kán òjò kan tó kán sílẹ̀, eruku á ti dìde, ewúrẹ́ á sá wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin á máa pariwo orúkọ ọmọ wọn kí wọ́n lè wọlé, atẹ́gùn tútù kan á sì gbá èèyàn lójú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Òjò tó tẹ̀lé e lè rọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó fara balẹ̀ máa rọ̀, páànù ti lọ. Ó tún máa ń wá bẹ́ẹ̀ nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá.

Ó dára kí a mọ ohun tó fà á, torí ẹni tí kò mọ bí ọ̀tá ṣe ń jà kò ní mọ ibi tó yẹ kí òun gbé asà sí. Ní àwọn oṣù yẹn, atẹ́gùn méjì ló ń pàdé lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń bọ̀ láti inú òkun ní gúúsù, ó kún fún omi. Èkejì ń bọ̀ láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì ń kọjá lórí èyí àkọ́kọ́. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn olómi á gòkè, á di ìkùukùu tó ga fíofío. Nígbà tí òjò inú rẹ̀ bá wá ń rọ̀ bọ̀, inú atẹ́gùn gbígbẹ ló máa gbà kọjá, púpọ̀ nínú omi náà á sì gbẹ dànù sójú ọ̀run. Gbígbẹ tí omi ń gbẹ yẹn ló ń sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di tútù. Afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo. Á já lulẹ̀ láti òkè, bó bá ti kan ilẹ̀, á fọ́n káàkiri. Òun ni atẹ́gùn tútù tó ń ṣáájú òjò. Ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta lókè orí wa, ẹ̀fúùfù mìíràn tún wà tó ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló ń darí gbogbo òjò náà. Ìdí nìyí tí ìjì wa fi máa ń wá láti ìhà Kwara, tó sì ń lọ sí ìhà orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ọmọ ilẹ̀ Japan kan tó ń jẹ́ Tetsuya Fujita, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Chicago, ló ṣàlàyé atẹ́gùn tó ń já lulẹ̀ yìí yékéyéké. Lẹ́yìn tí bàálù kan já ní New York ní 1975, nígbà tí ààrá ń sán, ó fara balẹ̀ wo ohun tí ìjì ọjọ́ náà ṣe. Ọkùnrin yìí ti dé Nagasaki ní 1945 lẹ́yìn bọ́ǹbù, ó sì ti rí bí igi ibẹ̀ ṣe wó lọ sí ìhà gbogbo láti ojú kan. Nígbà tó rí irú ìwó bẹ́ẹ̀ nínú igbó tí ìjì ti kọjá, ó mọ̀ pé kì í ṣe ìjì tó ń yí bírí ló ṣe é: nǹkan kan já lulẹ̀ láti òkè, ó sì tàn ká. Mo mẹ́nu kàn án nítorí àwọn tó ń bínú sí ara wọn lábúlé lẹ́yìn ìjì. Bí páànù ilé kan bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí ti ilé kejì lọ sí àríwá, tí ilé ẹ̀kẹta tó wà láàárín kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ọwọ́ ayé síbẹ̀. Bí irú ìjì yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí òrùlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ńṣe ni ìjì ń ti òrùlé lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí atẹ́gùn bá sáré dé ara ògiri, apá kan á gùn ún lọ sókè, á sì fò kọjá lórí páànù. Bó ṣe ń sáré kọjá lókè yẹn, ńṣe ló ń fa páànù sókè. Bí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ìhà tí ìjì ti ń bọ̀ bá tún ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á wọ inú ilé, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ti ìta ń fà á. Àwọn kan ń sọ pé kí a ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí ìjì lè rí ọ̀nà gbà kọjá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n tì í.

Agbára rẹ̀ ńkọ́? Bí atẹ́gùn bá ń sáré ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára rẹ̀ lórí ààyè tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóòró, tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 12. Bí eré rẹ̀ bá di 100, agbára yẹn kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń di: nǹkan bíi 47. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50. Ẹ wá bá mi ṣírò ilé tí òrùlé rẹ̀ gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 8. Ohun tó fẹ́ gbé e lọ sókè tó ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì bíi 75 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní etí òrùlé àti ní igun rẹ̀, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páànù tín-ín-rín tí à ń lò kò wọn kìlógíráàmù 5 lórí mítà kan yẹn.

Nítorí náà, òkúta àti táyà ògbólógbòó tí àwọn èèyàn wa ń gbé sórí páànù kò lè dá ìjì gidi dúró. Ó lè mú kí páànù má pariwo ní alẹ́ tí atẹ́gùn kékeré ń fẹ́, ṣùgbọ́n bí òrùlé bá gbéra, òkúta náà á já bọ́ sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí onílé bá ní òun fẹ́ gbé òkúta sí i, ẹ sọ fún un pé kó fi owó ẹni tó máa gbé òkúta yẹn ra ìṣó.

Lẹ́yìn ìjì kan, mo bá àwọn tó lọ kó páànù ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan lọ sínú oko kajú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń dárò, mo lọ lóṣòó ti àwọn páànù náà, mo ń wò wọ́n bí bàbá mi ì bá ṣe wò wọ́n. Ihò ìṣó ti gùn lára ẹyọ kan, ó fà ya dé etí, ó gùn ju ìka mi lọ. Ìṣó tirẹ̀ ṣì wà lára purlin, igi tí a ń kan páànù mọ́, orí rẹ̀ kéré, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ti fọ́ dànù. Ẹyọ kejì kò ya rárá. Ihò tirẹ̀ rí róbótó, ìṣó ló yọ jáde kúrò nínú igi pẹ̀lú páànù, ara ìṣó náà ń dán, kò ní ìlọ́ kankan lára. Èyí tó dùn mí jù ni ìdajì òrùlé tó wà ní dídojúdé lábẹ́ igi kajú kan. Páànù rẹ̀ pé. Purlin pé, rafter tó ru purlin pé, wall plate, igi tó sùn lórí ògiri, náà wà lára wọn, ìṣó sì gún un já, gbogbo rẹ̀ dúró ṣánṣán, sìmẹ́ǹtì díẹ̀ wà ní ẹnu ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kan ibẹ̀ mọ iṣẹ́. Kò sí oríkèé kan tó tú nínú igi rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ohun kan tó di wall plate yẹn mú mọ́ búlọ́ọ̀kù ju àwọn ìṣó tí wọ́n gbá wọnú sìmẹ́ǹtì lọ. Òrùlé náà fò lọ lódindi.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Bí wọ́n bá pè yín wá tún òrùlé kan lẹ́yìn ìjì, ẹ má kánjú kó èyí tó wó dànù. Ẹ kọ́kọ́ wò ó. Bí páànù bá ya lójú ihò, páànù ló fẹ́lẹ́ jù, tàbí kí orí ìṣó kéré jù, tàbí kí ìṣó má pọ̀ tó. Bí ìṣó bá yọ, ó kúrú tàbí ara rẹ̀ dán jù, tàbí kí igi náà ti rà. Bí igi bá bá páànù lọ, ìdè tó yẹ kó so igi mọ́ ògiri ni kò sí. Ẹ má ṣe fi páànù tó nípọn tún èyí tí ìdè kò sí níbẹ̀ kàn, torí ìjì tó ń bọ̀ á tún gbé e lọ pẹ̀lú gbogbo ìnípọn rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìdí pàtàkì tí ìdè kì í fi í sí ni pé nígbà tí wọ́n bá pe káfíńtà, bíríkìlà ti parí iṣẹ́, ó ti gba owó, ó ti lọ. Ibi tó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú líńtẹ̀lì, kọnkéré tó kọjá lórí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ló yẹ kí ìdè òrùlé ti jáde wá: kí a ká ẹnu rọ́ọ̀dù mọ́ abẹ́ irin líńtẹ̀lì kí a tó da kọnkéré, kí rọ́ọ̀dù náà gba inú ihò búlọ́ọ̀kù ìpele tó kù jáde sókè, kí a fi kọnkéré dí ihò náà pa, kí a sì jẹ́ kí ó gùn tó láti lọ́ mọ́ wall plate. Kò yẹ kí àárín ọ̀kan sí èkejì ju mítà kan lọ, kí ó sì súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ ní igun ilé. Irin tí ilé kékeré kan máa jẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù. Ohun tó gbà ni kí káfíńtà àti bíríkìlà ríra kí wọ́n tó da líńtẹ̀lì. Bí onílé bá ti pè yín pé kí ẹ wá wo ilẹ̀ tí òun fẹ́ kọ́, ẹ béèrè nọ́ńbà bíríkìlà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn wall plate, ẹ so rafter mọ́ ọn. Ìṣó méjì tí a gbá ní ìdábùú kò tó, torí ìṣó bẹ́ẹ̀ lè gba ìwúwo tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò lè gba fífà sókè. Irin pẹlẹbẹ tí kì í tètè dípẹtà, tí ẹ gé, tí ẹ ká gba orí rafter sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wall plate, tí ẹ sì kàn ní ìṣó púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, òun ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Purlin náà fẹ́ irú ìdè bẹ́ẹ̀ lára rafter, pàápàá àwọn tó wà létí. Bí ọ̀kan bá ti já láàárín, láti páànù dé líńtẹ̀lì, asán ni gbogbo ìyókù.

Ní ti ìṣó, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Síbẹ̀, mo ti rí òrùlé púpọ̀ tí wọ́n pín ìṣó sí ní ọgbọọgba láti etí dé àárín, bíi pé ìjì kò mọ̀yàtọ̀. Ó mọ̀yàtọ̀. Ní etí ìsàlẹ̀, ní orí ilé àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbogbo ibi tó yọ sókè lára páànù ló yẹ kó gba ìṣó. Ní àárín, ẹ lè máa fo ọ̀kan. Ìṣó tí ara rẹ̀ lọ́ ju èyí tí ara rẹ̀ dán lọ, àwọn skúrù tó ní rọ́bà lábẹ́ sì ju méjèèjì lọ.

Etí òrùlé tó yọ síta jù jẹ́ ohun tí ìjì ń dì mú. Mo mọ̀ pé à ń fẹ́ òjìji, a sì ń fẹ́ kí òjò má nà mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n bó bá ti ń súnmọ́ ìdajì mítà, ẹ tún un rò. Bí onílé bá fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò, ẹ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní òrùlé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó má bá ti ilé lọ, kí ó jẹ́ pé bí ìjì bá mú un, òun nìkan ló máa mú. Òrùlé tó ní ìhà mẹ́rin ń fara da ìjì ju èyí tó ní ìhà méjì lọ, torí kò ní ògiri gíga tó dúró gbọnrangandan lójú atẹ́gùn. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kì í pẹ́ gbéra.

Mo ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ìlà-oòrùn. Bí ilé bá nà láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í to páànù láti ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ máa tò ó bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu páànù tó wà lókè á fi kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ìjì tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn kò sì ní rí ẹnu kan tó máa ki ọwọ́ bọ̀. Kò gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ilé alámọ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbàlagbà ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí kò ní agbára láti tún òrùlé ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Amọ̀ kò lè di ìṣó mú rárá. Lára irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ lu ògiri já ní nǹkan bí ìdajì mítà sí mítà kan sísàlẹ̀ orí rẹ̀, ẹ ti igi líle kan tàbí rọ́ọ̀dù kúkurú sí i ní ìdábùú, kí ẹ wá fi wáyà tó nípọn so ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì lọ sí wall plate. Ìwúwo ògiri tó wà láàárín wọn ló máa di òrùlé mú. Ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì bo wáyà náà kí ó má tètè dípẹtà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni lára ilé kékeré, ẹ sì lè ṣe é láì ṣí páànù kankan.

Mo ń gbọ́ èsì yín láti ibí. Ẹ ó ní onílé ni kì í fẹ́ sanwó. Òótọ́ ni. Onílé ti ná owó sórí búlọ́ọ̀kù, páànù ló kù, ọmọ ń lọ sílé ìwé, ó ní kí ẹ bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ bá a wá nǹkan ṣe sí i níbòmíràn. Ẹ bá a yọ pákó ojú òrùlé tí ó jẹ́ kìkì ẹwà. Ẹ ní kí ó fi àjà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ ìdè kúrò. Bó bá sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé e lójú ẹlẹ́rìí pé òrùlé rẹ̀ kò ní ìdè. Onílé kò mọ ohun tó wà lábẹ́ páànù. Bí ẹ kò bá sọ fún un, ìjì ni yóò sọ fún un.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Yàrá gígùn ni, ó fẹ̀, ògiri kò pọ̀ láàárín rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ní ohun tí a fi ń tì í. Gbogbo ohun tí ìjì ń fẹ́ ló pé síbẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ló máa ń gba iṣẹ́ náà, ẹ̀yin ló sì máa ń gbé e fún. Bí agbaṣẹ́ṣe bá gbé ìṣó tí kò tó wá, tí ẹ kò sì rí irin kan tó jáde lórí ògiri, ẹ lọ bá bàálẹ̀, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé àti ẹgbẹ́ òbí, kí ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó gun òkè. Òfin Ìkọ́lé Orílẹ̀-èdè wà ní Nàìjíríà láti 2006, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kíkọ́ ilé ní òfin tó dè é. Ọmọ wa ló ń jókòó sábẹ́ páànù yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí tiyín náà ńkọ́? Ìgbà tí ìjì ń jà jù ni ìgbà tí iṣẹ́ òrùlé ń pọ̀ jù, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ borí ilé kí òjò tó rinlẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ààrá, àní bí oòrùn bá ṣì ń ràn lórí yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró ààrá, kí ẹ fi mẹ́ta pín in: iye kìlómítà tí ààrá wà sí yín nìyẹn. Mànàmáná lè kọ láti ibi tó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, nítorí náà, bí ẹ bá ti lè gbọ́ ọ, ó lè dé ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹ tún dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìró ìkẹyìn. Ẹ má sì ṣe fi páànù tí ẹ kò tíì kàn tán sórí ilé sùn, ì báà jẹ́ ojúmọ́ kan péré ló kù. Páànù tó ń fò lè ṣá èèyàn pa.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kì í ṣe ti ìṣó. Ọ̀pọ̀ igi tó máa ń dá ìjì dúró lẹ́yìn abúlé wa ni wọ́n ti gé sun èédú. Gbogbo wa la rí ọkọ̀ tó ń kó àpò èédú kúrò ní Òkè-Ògùn. Igi tó tò ní ìlà, tí ó ga ní mítà 10, lè dín agbára atẹ́gùn kù títí dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ tó fi igi emi àti igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú sílẹ̀ láì gé ní eteetí ilé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi ṣiṣẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìn ín, ní ìhà ìlà-oòrùn abúlé, kó má súnmọ́ ilé tó èyí tó lè wó lù ú.

Ní báyìí, ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ yín ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nìyí. Ẹ fi í ṣe òfin ẹgbẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ kan òrùlé tí kò ní ìdè, kí ẹ sì sọ iye owó ìtanràn rẹ̀. Kí ọmọṣẹ́ kankan má gba òmìnira títí yóò fi so rafter mọ́ wall plate lójú àwọn àgbà. Ní oṣù kejì ọdọọdún, nígbà tí àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí bá ti kéde bí òjò ọdún náà ṣe máa rí, kí ẹgbẹ́ yan àwọn kan tí yóò gun òkè ilé ìwé, ilé ìwòsàn, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn láti wo ìṣó tó ti yọ àti igi tí ikán ti jẹ. Owó ìṣó nìkan ni kí ẹ gbà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìtanràn máa le láti gbà. Àwọn kan á ní ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n bí ìjì bá jà ní abúlé kan, tí ilé tí ọmọ ẹgbẹ́ kàn dúró, tí ti ẹlòmíràn lọ, a kì í kọ ìyẹn sára pátákó kí èèyàn tó kà á.

Bí ẹ bá pe ìpàdé lórí rẹ̀ ní ìlú èyíkéyìí nínú Òkè-Ògùn, mo ṣetán láti wá. Mo ti bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ fò lọ sínú oko kajú, ó gbà pé kí n gé apá kan lára wall plate náà pẹ̀lú àwọn ìṣó rẹ̀, mo sì ní méjì nínú àwọn páànù yẹn lọ́wọ́. Mo máa gbé wọn wá, kí ẹ fi ojú ara yín wò wọ́n, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ sì sọ fún mi bí ibì kan bá wà tí ohun tí mo kọ sókè yìí kò bá ti iṣẹ́ yín mu.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọmọ káfíńtà kan ní Òkè-Ògùn